Olúkúnlé, Agbẹnusọ Aya Rẹ̀

Ojo ni Olúkúnlé. Bí mo bá pè é ní orúkọ mìíràn, irọ́ ni mo pa. Ẹmu ni ó ń dá ní ìlú Ìlá. Sànúsí alápatà gbá a létí lójú ọjà, ẹ̀rín ni ó rín. Bí ó bá délé, ara Tinúadé aya rẹ̀ ni ó ti ń gbẹ̀san. Ó ta á nípàá nígbà oyún àkọ́kọ́, oyún náà wálẹ̀. Ó ní àwọn ayé ni.

Ní ọdún 1994, Tinúadé tún lóyún. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ni ó ń bà á: kí èyí náà má lọ. Olúkúnlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn òmùgọ̀ ń yìn ín pé ọkọ rere ni. Wọn kò mọ̀ pé ẹnu aya rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Bí wọ́n bá bi obìnrin ní ìbéèrè, ọkọ ni yóò dáhùn.

"Ó ń jẹun dáadáa. Ó ṣubú lọ́nà odò ni."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nọ́ọ̀sì tuntun kan dé, Hadassah ni orúkọ rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé aboyún kọ̀ọ̀kan ni yóò dá wọlé. Olúkúnlé gbé kèrègbè ẹmu wá fún un.

"Ẹ gbé e padà, bàbá. Ẹ jókòó síta."

"Ìyàwó mi kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, mà."

"Ṣé ẹ̀yin ni ẹ lóyún ni?"

Àwọn aboyún orí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Hadassah ti ilẹ̀kùn. "Gbogbo aboyún ni mo máa ń bi ní ìbéèrè yìí. Ṣé ẹnì kan ń lù ọ́ nílé?"

"Mo ṣubú ni, mà."

"Ilẹ̀ wo ni ó ní ìka márùn-ún?" Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tinúadé jẹ́jẹ́. "N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bí o kò bá fẹ́."

Tinúadé bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí èyí náà lọ."

"Níbo ni ọkàn rẹ yóò ti balẹ̀?"

"Ilé bàbá mi, ní Ọ̀rà."

Hadassah kọ gbogbo àpá tí ó rí sínú ìwé, ó fi ìwé náà pamọ́. Ó mú Tinúadé gba ẹ̀yìnkùlé jáde, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi í sínú ọkọ̀ Ọ̀rà. Ọkọ rere ṣì wà níta, ó ń lé eṣinṣin lórí ẹmu.

Nígbà tí Olúkúnlé lé aya rẹ̀ dé Ọ̀rà, Ifátúnjí, bàbá Tinúadé, ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú ìyàwó mi lọ."

"Aya la fún ọ. A kò fún ọ ní ẹ̀wà tí à ń fi igi pa."

Olúkúnlé padà lọ bẹ àwọn àgbà ilé rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun tọrọ àforíjì. Kò sí ẹni tí ó dìde. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Tinúadé bí ọmọkùnrin láyọ̀. Ní ọjọ́ ìkómọ, Olúkúnlé dá wá, ó dọ̀bálẹ̀ lójúde àna rẹ̀. A kì í dìde níwájú àna àfi bí wọ́n bá ní ká dìde. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nínú ilé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ń yà fún un bí ẹní ń yà fún ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dìde. Nígbà tí àlejò tú ká, ó dá ara rẹ̀ dìde, ó bi obìnrin kan tí ó ń fọ abọ́ pé, "Kí ni wọ́n sọ ọmọ mi?"

Obìnrin náà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ọmọ ta ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń lu aboyún, ẹ kì í ṣe ọkùnrin. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yín kò ní jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aboyún, ẹ lé ọkọ síta kí ẹ tó béèrè, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí kò sí obìnrin tí yóò sọ òtítọ́ lójú ẹni tí ó lù ú. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sá wálé, ẹ má ṣe dá a padà nítorí ohun tí aráyé yóò wí. Aráyé kọ́ ni yóò sin ín bí ó bá kú.