Tòmátì Ìgbàwo

Ìgbàwo kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹgbẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ìpàdé kan tí ẹnìkan ò ní bèèrè pé, "Ìgbà wo gan-an ni èyí máa mọ̀ ọ́n?"

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, ni. Wọn kì í sọ àsọyé níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ló dá a sílẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ́kọ, ká má tiẹ̀ sọ ti ọmọ. Òfin méjì ló fi lélẹ̀. Ọmọ tuntun á máa jókòó ti ẹni tó ti mọṣẹ́, títí ẹ̀rọ tí ọmọ tuntun náà ń kọ́ á fi ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á pínyà, tí oníkálukú á mú ẹlòmíràn. Èkejì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ojú kan náà lórí ayélujára ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹni tó bá wù ú lè ṣí i, kó fọwọ́ kàn án.

Ìgbàwo bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó máa wo tòmátì, tó máa sọ bóyá ó dára tàbí ó ti bàjẹ́, ni Ìgbàwo ń kọ́. Iṣẹ́ náà ò le. Èèyàn á kó àwòrán tòmátì jọ, á kọ "ó dára" tàbí "ó ti bàjẹ́" sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì fi ìyẹn kọ́gbọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ìgbàwo ti mọ̀ ọ́n tán. Nínú yàrá tirẹ̀, ẹ̀rọ náà kì í ṣì í.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí Ìyá Ẹgbẹ́ bá jókòó tì í, tó fi ìka tọ́ àwòrán, tó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, wò ó dáadáa," inú Ìgbàwo á máa dùn ṣìnkìn. Bí ẹ̀rọ bá sì ṣiṣẹ́ lójú ẹgbẹ́, ìjókòó yẹn parí nìyẹn. Ló bá di pé ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó yí ohun tó kọ sára àwọn àwòrán kan padà. Ó pe tòmátì jíjẹrà ní ẹni rere.

"Ṣé kò tíì yé ẹ ni?" Ìyá Ẹgbẹ́ bi í.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ó ń yé mi díẹ̀díẹ̀."

"Kò burú. Sún mọ́bí. A máa wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ohun kan ló kàn ń rú u lójú. Bó bá ba mẹ́ta jẹ́, márùn-ún ni wọ́n máa ń bá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tiẹ̀ bá àwòrán bàtà tí wọ́n kọ "ó dára" sí. Ìgbàwo wo bàtà náà títí. Ó gbà pé ìfẹ́ ti ń da òun lórí rú. Ìyá Ẹgbẹ́ ò bínú, ẹ̀rín ló rín, ó ní, "Ìwọ yìí, a ò ní tètè parí."

Akápò ẹgbẹ́ ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tójú ẹ̀ ti wà lára àga olórí. Ó dìde nínú ìpàdé, ó túnra mú.

"Ẹ má bínú sí mi o. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti ọwọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ yìí, orí ti wọ́, ọrùn ti fẹ́ tẹ̀lé e! Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni ò gbọ́ ni, àbí olùkọ́ ni ò mọ̀ ọ́n kọ́? Bí tòmátì yẹn bá tún kùnà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká yan olórí mìíràn."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí.

Ìgbàwo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó ń rò ó. Ìyá Ẹgbẹ́ ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó rí yàrá ìpàdé. Òun ló gbá a, òun ló ru àga wọ inú ẹ̀. Ṣé torí kí èjìká lè máa kan èjìká ni wọ́n á ṣe gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Ojú ti Ìgbàwo gidigidi.

"Kàkà kí wọ́n fi mí bú u," ó wí fún ara rẹ̀, "kí n kúkú máa wò ó lókèèrè."

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, ó jókòó ti iṣẹ́ náà, ó wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó gbé tòmátì gidi síwájú ẹ̀rọ: ó dára. Ó gbé èyí tó ti ń ṣomi síwájú rẹ̀: ó ti bàjẹ́. Inú rẹ̀ dùn, omi sì lé sójú rẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé, yàrá kún. Akápò fúnra rẹ̀ ló mú tòmátì wá nínú ọ̀rá, èyí tó ti hu irun funfun, tí òórùn rẹ̀ lé àwọn ará iwájú sẹ́yìn. Ìgbàwo gbé e síwájú kámẹ́rà láìmikàn.

"Ó dára," ni ẹ̀rọ kọ.

Ẹ̀rín sọ! Ẹnìkan pariwo pé, "Akápò, ó yá, jẹ ẹ́ ká rí i!" Akápò ò jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n dìbò, wọ́n dìbò, òun ló sì wọlé.

Ìgbàwo dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ìyá Ẹgbẹ́ ti fa àga tì í.

"Ìyá Ẹgbẹ́, mo búra fún yín," ó wí, "lánàá yìí, ó ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe é."

Ìyá Ẹgbẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, sún mọ́ ọn títí èjìká fi kan èjìká, ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n, láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ń bá ẹ bà á jẹ́, kí ló wá dé tó o fi lọ tún un ṣe lánàá?"