Ilé Lìdíà

"Kúnlẹ̀, kó o tọrọ àforíjì!" Alàgbà Fọláwẹwọ́ na agogo àdúrà sí olùkọ́ yunifásítì kan nínú ìjọ bí ẹni na pàṣán.

Olùkọ́ ò kúnlẹ̀. Wọ́n ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn tán, àwọn ọkùnrin ti dé fìlà wọn padà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lọ sílé. Gbogbo ìjọ àdúgbò Jójú ti gbọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: pé obìnrin ń darí àdúrà láyé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo dá, Bàbá? Wọn ò ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, inú ilé ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Nígbà tí wọ́n ń pàdé nílé Lìdíà, ṣé ẹ rò pé oúnjẹ nìkan ló ń sè fún wọn ni?"

"Ìwé àkàjù ló ń dà ọ́ láàmú! Jáde kúrò nínú ìjọ yìí!"

Olùkọ́ gbé báàgì rẹ̀. "Mo ń lọ. Àmọ́ n ò ní torí yín purọ́."

"Jókòó." Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn.

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìsìn. Láti ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti lé àwọn ará ìjọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní fákítírì Sángo, tí agbára wọn ò ká owó gbọ̀ngàn mọ́, pálọ̀ rẹ̀ ni ìjọ ń lò. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń to bẹ́ǹṣì.

"Alàgbà, ẹ má bínú. Àlejò kì í lé ọmọ onílé jáde."

Ó bọ́ síwájú, ó gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀, ó lù ú.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Fìlà kan kúrò lórí lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e. Alàgbà wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyá náà.

Ó ṣí tiẹ̀.