Fíìmù Aago Mẹ́rin

Lọ́jọ́ Ajé, bí aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀, akọni tí Àbíkẹ́yìn fi ń ṣe géèmù ìjà gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀ṣẹ́ náà sì há síbẹ̀. Kò balẹ̀, kò padà. Nígbà tí géèmù náà yóò fi mira, ẹni tí wọ́n jọ ń jà ti là á mọ́lẹ̀. Àbíkẹ́yìn bọ́ íápíìsì létí, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti dìde tán kí ìyá rẹ̀ tó ké ní pálọ̀.

"Yéè! Wọ́n tún ti là á mọ́lẹ̀!"

Àbíkẹ́yìn pòṣé. Fíìmù aago mẹ́rin ló ń pe nǹkan tí ìyá rẹ̀ máa ń wò yẹn, kò sì tíì dúró wo ìṣẹ́jú kan rí nínú rẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Màámi wà lórí àga gígùn, awò ojú ti sọ̀ kalẹ̀ sórí imú, fóònù fara ti fúláàsì tíì.

"Màámi, kí lẹ tún ń wò?"

"Ọmọ mi ni."

"Ojoojúmọ́ ni Ọmọ Mi, Ọmọ Mi! Kò sú yín ni?"

"Báwo ló ṣe máa sú mi? Wọ́n nà án lónìí, àmọ́ á dìde."

"Wáífáì kan náà la jọ ń lò, Màámi. Ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀ di aago mẹ́fà."

"Aago mẹ́fà kẹ̀? Ó ti máa tán nígbà yẹn." Ìyá rẹ̀ ti awò sókè, ó wò ó dáadáa. "Àbí ojú ń tì ẹ́ ni?"

"Ojú kí ló fẹ́ tì mí? Inú ló ń bí mi!"

Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ tí inú ti ń bí i. Láti ìdájí ló ti ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì. Tó bá dé lọ́sàn-án, apá á máa ro ó, síbẹ̀ á jókòó ti géèmù. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ìjà rẹ̀ sórí ayélujára kí gbogbo ayé lè máa wò ó, ó fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà béèrè bóyá iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn yòókù dákẹ́ bí ẹni pé ó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò ó. Nọ́ńbà kan náà ló máa ń wà ní igun òkè kọ̀ǹpútà: 1. Igi Lẹ́yìn Ọgbà ni ẹni náà ń pe ara rẹ̀. Bí Àbíkẹ́yìn bá borí, á fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ̀wé, ó pẹ́ kó tó wọlé, lẹ́tà ńláńlá sì ni gbogbo rẹ̀: KÚ IṢẸ́.

Àbíkẹ́yìn ti pinnu ẹni tó jẹ́. Ẹgbẹ́ kan tó gbé ìdíje géèmù náà kalẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá borí lọ́jọ́ Ẹtì yóò di òṣìṣẹ́ àwọn, àti pé àwọn á ti máa yọ́ wo àwọn oníjà kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé. Ta ló máa fi oṣù mẹ́jọ wo ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, bí kò bá ṣe ẹni tí wọ́n rán wá? Lójú ẹni yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì ti ń há.

Ní Ọjọ́rú, ó pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ wáífáì kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fa wáyà láti ara rẹ̀ wọ yàrá, ó sì fi kọ̀ǹpútà Àbíkẹ́yìn ṣe àkọ́kọ́. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tán.

"Fóònù kan ló kù tó ń fà á," ó ní. "Aago mẹ́rin ló ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà ló ń dáwọ́ dúró. Ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

"Mo lè bá yín dín tiẹ̀ kù."

"Ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń gé e hàn mí lórí fóònù mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Màámi ti wẹ̀, ó ti kun àtíkè, ó sì wọ aṣọ ìjáde.

"Ibo lẹ ń lọ, Màámi?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Tòní ló ṣe pàtàkì jù."

Àbíkẹ́yìn rí fúláàsì, ó rí fóònù tó fara tì í. "Tòní nìkan, mo bẹ̀ yín. Ẹ má wò ó."

"Lónìí gan-an? Ta ni yóò wá wò ó?"

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàn wò ó!"

Àbíkẹ́yìn wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàà.

Ní abala àkọ́kọ́ ìdíje náà, ẹ̀ṣẹ́ há. Wọ́n là á mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ ni "Yéè!" dún ní pálọ̀. Àbíkẹ́yìn fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó wá fóònù ìyá rẹ̀ rí níbi tí ọkùnrin náà fi hàn án, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pa ẹ̀fọn: wáífáì já lára rẹ̀.

Abala kejì kò há rárá. Ìkẹta náà kò há. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń balẹ̀ bó ṣe ń rán an, títí alátakò fi ṣubú tí kò dìde mọ́. Ìwé ìkíni wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ìdíje náà kalẹ̀. Ó gbójú sí igun òkè, ó ń retí ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́. 0 ló rí níbẹ̀. Inú tún bí i. Oṣù mẹ́jọ gbáko, ọjọ́ tó yẹ kí ẹni yẹn dúró gan-an ló lọ.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn, ó fi ìbínú ṣí i, ìyá rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ nínú aṣọ ìjáde, ó na fóònù sí i, ó ní, "Ó gé mọ́ mi lójú níbi tí wọ́n ti là ẹ́ mọ́lẹ̀, ọmọ mi, ṣé o dìde?"