Ta Ni Olórí Ilé Yìí?

Ní àárọ̀ tí ìjọba ń gba orúkọ àwọn olórí ilé nítorí owó-orí, Fadérera ń gé iṣu wẹ́wẹ́ sínú abọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tí ògiri pálọ̀, tí ìjọba ń gbà sọ̀rọ̀, kí wọn, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ni olórí ilé yìí?"

Ọwọ́ Fadérera dúró. Nínú òfin, ẹni tó bá ń gbọ́ bùkátà ilé, tó sì ń gbé pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú, ni olórí, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí obìnrin. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín owó-orí kù fún. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá rẹ̀, Bàbá Láníhùn, jókòó, Fadérera ló ń tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ. Síbẹ̀, bàbá ló máa ń pè ní olórí, á sì san owó-orí tirẹ̀ ní kíkún, kí ojú má baà ti bàbá.

"Bàbá mi ni," ló tún wí.

"Kì í ṣe èmi," ni Bàbá Láníhùn dá a lóhùn. "Fadérera ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni mò ń dúró dè kí o sọ ọ́."

Ògiri ní òun ti gbọ́, òun sì ti kọ orúkọ Fadérera sílẹ̀.

Bàbá rọra ti abọ́ náà síwájú ọmọ rẹ̀. "Olórí ilé ló ń kọ́kọ́ jẹun níbí."

Omi lé sí Fadérera lójú. Ó mú ègé iṣu kan, ó sì jẹ ẹ́.