Aṣọ Tí Kò Létí

Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Mo ń fi òwú sí ẹ̀rọ ìránṣọ oníkọ̀ǹpútà tuntun mi, mo ń kọrin ìyìn jẹ́jẹ́, nígbà tí obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun síwájú mi.

"Ẹ káalẹ́, Màmá. Ẹ bá mi kọ orúkọ sí i: Mobọ́láńlé."

Mo tẹ lẹ́tà kan sójú ẹ̀rọ, ọwọ́ mi dúró. Orúkọ ọmọ mi nìyẹn, ó sì ń bọ̀ láti Ìlọrin lálẹ́ náà.

"Ta ni yóò lò ó?"

"Ẹni tó wà lọ́nà ni."

"Etí aṣọ yìí ń tú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣẹ́ ẹ."

"Ẹ má dán an wò!"

Ní ìlú wa, aṣọ òkú nìkan ni a kì í ṣẹ́ létí. Mo pe orúkọ Jésù, mo yí ẹ̀rọ sí iṣẹ́ etí ṣíṣẹ́, mo sọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń di aṣọ mú kalẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Abẹ́rẹ́ ń sáré, mo ń yí aṣọ, títí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé.

Obìnrin náà fọwọ́ pa etí tí mo ṣẹ́ náà. "Ó ti di aṣọ alààyè. Ẹ gbọ́n o, Màmá." Ó fi í sílẹ̀, ó jáde.

Mo ṣì ń dúpẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Látúndé, télọ̀ tó wà ní òdìkejì.

"Ẹ bá mi kọ orúkọ sí aṣọ funfun yìí. Ẹ má ṣẹ́ etí rẹ̀."

"Kò burú. Orúkọ ta ni?"

Orúkọ mi ló pè.