Bírò Búlúù, Bírò Pupa

Bírò méjì ni Tíṣà fi ń kọ ìwé rẹ̀. Ohun tó bá rí ẹ̀rí fún, tàbí tí ẹnì kan fojú rí, búlúù ló fi ń kọ ọ́. Ohun tó bá hun látinú ara rẹ̀, pupa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn, bírò pupa kan náà yẹn ló sì fi máa ń fagi lé irọ́ wọn. Ó wá fẹ̀yìn tì tán, ó ń fi í pa irọ́ tiẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi tó rì ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni ìwé náà dá lé. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló bá a lọ, ọkọ Tíṣà sì wà nínú wọn. Aago ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fẹ́ sọdá lọ tún aago ògiri ṣe fún oníbàárà kan. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé èrò ní èbúté. Ọkọ̀ gbéra láago mẹ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó ti parí. Ogójì òkú ni wọ́n rí gbé jáde. Wọn ò rí tiẹ̀.

Tíṣà ò sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì sunkún látìgbà náà. Àwọn èèyàn ní obìnrin akin ni. Akin kọ́. Inú rẹ̀ kàn dákẹ́ ni, bí aago tó ti kú. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá nínú ìwé yìí: kó kọ ikú ọkọ rẹ̀ tán, bóyá omijé á lè bọ́ lójú òun kóun tó dàgbà jù.

Ó lọ jókòó nínú iyàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, ó da orúkọ gbogbo èrò kọ. Ó kọ ti ilé ara rẹ̀ náà ní búlúù: ẹ̀wù tí ọkọ rẹ̀ wọ̀, tíì tí kò mu tán, awò ojú tó gbàgbé sójú fèrèsé. Tíṣà fojú ara rẹ̀ rí awò náà níbẹ̀ bí òun náà ṣe ń jáde lọ sílé ìwé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó máa fi dé lọ́sàn-án, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé ti kún fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, ó sì gbà pé ọ̀kan nínú wọn ló gbé e.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti awò yìí! Ọjọ́ tá à ń wá òkú lẹ̀ ń wá awò."

Olóòtú ilé ìtẹ̀wé tó fẹ́ tẹ ìwé náà ò fẹ́ awò. Ọkùnrin tínínrín kan ni, tó máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsù.

"Mà, ẹ yọ awò yìí, kò wúlò fún wa. Ibi tí ọkọ̀ ti rì gan-an ló gbẹ. Kí ni bàbá yẹn ń rò?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Ìtàn àròsọ kúkú ni. Ẹ hun ún látinú ara yín."

Tíṣà fagi lé awò náà níbi gbogbo nínú ìwé. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó ti ìwé. Gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti fẹ́ wọnú omi, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ló bá mú bírò pupa, ó sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, ọkọ̀ sì fi í sílẹ̀. Ó dúró létí omi, ó rí gbogbo ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín orúkọ àwọn òkú lórí rédíò ẹnì kan, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí èèyàn méjì ti ń jẹun níwájú ara wọn láìsọ̀rọ̀ ti sú u. Ojú ìwé mọ́kànlá. Ọwọ́ Tíṣà ò dúró lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò rẹ̀ kà á, ó kígbe.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ sọ ọkọ yín di ọ̀dàlẹ̀! Ẹni tí ò lẹ́nu tó lè fi dáhùn mọ́!"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Pupa ni mo fi kọ ọ́."

"Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ṣebí dúdú ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́? Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún o, ọjọ́ kan lòtítọ́ máa bá a."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà létí. Ó kọ gbólóhùn kan sí iwájú ìwé náà: *Ọkọ mi kú sínú omi. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, èmi ni mo dá a.* Ara àbúrò rẹ̀ wá balẹ̀.

Wọ́n kó ìwé náà jáde ní ilé ìkàwé kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n tò, Tíṣà ń fọwọ́ síwèé fún wọn. Kò mọ nǹkan kan lára, àfi ọrùn ọwọ́ tó ń dùn ún. Omijé ò wá. Ẹni tó kẹ́yìn lórí ìlà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Ta ni kí n kọ ọ́ sí?"

"Bàbá mi ló ni ín, mà. Wọn ì bá wá fúnra wọn, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á."

"Ṣé wọ́n gbádùn ẹ̀?"

"Wọn ò sọ. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ nílé." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n kàn ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Tíṣà ti ṣí ìwé náà. Bírò búlúù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ibì kan péré lẹ ti ṣì í: àwọn ò sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, awò ojú àwọn làwọn padà lọ mú lójú fèrèsé."