Ilé Kẹsàn-án Tí Bàbá Mi Kọ̀

Ẹ bá mi dá sí i o! Ilé mẹ́jọ ni bàbá mi ti kọ̀.

Bíríkìlà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa bá mi yẹ ilé wò kí n tó rà.

Ní ilé kan, bàbá mi ní, "Ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n kùn lọ́dà tuntun. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́?" Wọ́n kọ̀ ọ́.

Ní ilé mìíràn, wọ́n ní, "Lọ béèrè ibi tí omi ń dé tójò bá rọ̀." Wọ́n kọ ìyẹn náà.

Lónìí, a dé ilé kẹsàn-án. Ògiri gbẹ, àjà mọ́ tónítóní, omi ń tú yàà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Bàbá mi ò tiẹ̀ wọlé. Ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń mi orí.

Inú bí mi. "Bàbá, ṣé ọ̀run ni kí n ti lọ ra ilé ni?"

"Sìmẹ́ńtì ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò pé."

"Ìpìlẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀? Báwo lẹ ṣe rí i?"

Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ilé yìí. Sìmẹ́ńtì tó yẹ kó wà níbẹ̀, òun ni mo fi kọ́ ilé tí mo ti tọ́ ẹ dàgbà."